ABÈÈRÈ KÌ Í ṢÌNÀ: Irin tó pọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, èyí tó dúdú kò tíì tutù

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n méjì péré ni mo yọ nínú wọn. Àwọn méjì tó kọ wọ́n ò mọ ara wọn rí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dà wọ́n láàmú.

Ìyá kan ló kọ èkíní láti Ọ̀yọ́. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, n ò sì ní dárúkọ wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí:

“Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ gbà mí. Bàbá ọmọ mi rán an lọ gba ọkọ́ wá nílé àgbẹ̀dẹ. Ọmọ ọdún 12 ni. Alágbẹ̀dẹ ti wọlé lọ mu omi. Ọmọ bá ọkọ́ náà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúdú, kò sí iná lára rẹ̀ rárá. Bó ṣe gbé e báyìí, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló bó. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ní irọ́ ló ń pa. Ó ní irin tó bá gbóná gbọ́dọ̀ pọ́n, pé inú iná ló lọ ń ki ọwọ́ bọ̀. Ó wá nà án lé e. Láti ọjọ́ yẹn, bí bàbá bá wọlé, ọmọ á jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irin dúdú lè jó èèyàn tó báyẹn? Bí ọmọ mi bá purọ́, ẹ sọ fún mi. Bí kò bá purọ́, ẹ kọ ọ́ síwèé kí bàbá rẹ̀ rí i kà, torí kì í fi ojú ewé yín ṣeré.”

Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kan l'Ábẹ́òkúta. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun ti fi kéréètì mínírà kan ta á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò sí iná tó gbóná tó pupa. Ó ní ẹ̀rọ omi tó wà nílé ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì pàápàá, pupa ni wọ́n fi ń sàmì sí omi gbígbóná, àwọ̀ aró sì ni wọ́n fi ń sàmì sí omi tútù. Òun wá ní ohun tí òun ń rí lẹ́nu iṣẹ́ òun kò jọ bẹ́ẹ̀. Ta ló jẹ, ta ni wọ́n jẹ?

Ìyá mi, n ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọmọ yín ò purọ́. Omi tó ń hó lórí iná, 100°C ni. Irin lè gbóná dé 400°C kó sì dúdú bí ìdí ìkòkò, kí ojú má rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ìwọ ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà, ìwọ lo jẹ. Irin funfun gbóná ju irin pupa lọ fíìfíì. Àmọ́ má tíì ṣí ìgò o, torí ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nídìí rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ lè fi mú ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Èmi rò pé èdè wa gan-an wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò fún ata àti fún irin: a ní ata pọ́n, a ní irin pọ́n. Ata tó bá pọ́n ti gbó nìyẹn, kò sí ibì kan tó tún ń lọ mọ́ àfi kó rà. A wá gbé ọgbọ́n ata lọ sára irin. A rò pé irin tí kò bá tíì pọ́n kò tíì gbóná, pé èyí tó bá sì ti pọ́n, ó ti gbóná tán. Irọ́ ni méjèèjì. Ní ti irin, pípọ́n kì í ṣe òpin. Àárín ọ̀nà ni. Ooru púpọ̀ wà ṣáájú rẹ̀ tí ojú ò rí, òmíràn sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kó má bàa jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀, mo dìde, mo gba ilé àgbẹ̀dẹ kan lọ. Bàbá àgbàlagbà ni alágbẹ̀dẹ náà. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n pa ẹnu mọ́, kí n máa wò. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, fèrèsé kò sì pọ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin ò ṣe tan iná síbí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Bí mo bá tan iná síbí, kí ni mo fẹ́ fi mọ ìgbà tí irin bá jinná?”

Ọmọ iṣẹ́ wọn ń fẹ́ ẹwìrì, èédú ń jó, irin wà láàárín ẹyin iná. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ohun tó hàn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, pupa tó ṣókùnkùn, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Lẹ́yìn náà ó pọ́n bí ata tó gbó dáadáa. Ó tún yí, ó dà bí epo pupa tuntun. Ó tún yí, ó dà bí èso ìyeyè. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ó ń funfun bọ̀, iná kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde lára rẹ̀. Kíá ni bàbá fi ẹ̀mú fà á jáde. Wọ́n ní bó bá pẹ́ síbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin fúnra rẹ̀ ni yóò máa jó, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ti wọn gbogbo ohun tí mo rí yẹn. Lọ́dún 1847, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ John William Draper ní New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọn ìgbà tí ohun gbígbóná máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sójú nínú òkùnkùn. Ohun tó rí kò jìnnà sí 525°C. Pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó dì jẹ́ bíi 700°C. Pupa bí ata jẹ́ bíi 800°C. Àwọ̀ epo jẹ́ bíi 950°C. Àwọ̀ ìyeyè jẹ́ bíi 1,100°C. Èyí tó ń funfun, tó ń ta iná, ti tó 1,300°C. Bí wọ́n bá mú un dé 1,538°C, irin á yọ́, á máa ṣàn bí omi.

Ẹ tún rí i: láti ìgbà tí irin ti tutù títí dé 525°C, ojú ò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi tó gbóná dé 70°C péré ti tó láti bó awọ ara èèyàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú òkùnkùn ni 525°C yẹn ti ń hàn. Lẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn ọ̀sán ń tàn sí, irin tó gbóná dé 600°C lè dà bí irin lásán. Ọmọ tó ń bọ̀ láti inú oòrùn, tó bá ọkọ́ nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí lẹ fẹ́ kó rí?

Ẹnì kan á ní, kí ló dé tí pupa fi ń ṣáájú, tí funfun fi ń kẹ́yìn? Ẹ fọkàn bá mi lọ. Gbogbo ohun tó ní ooru lára ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí náà ń tan án. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tiwa jẹ́ irú èyí tí ojú èèyàn ò lè rí. Awọ ara ló ń mọ̀ ọ́n. William Herschel ló kọ́kọ́ rí àrídájú irú ìmọ́lẹ̀ yìí lọ́dún 1800 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó gbé òṣùwọ̀n ooru sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí pupa inú oòrùn parí sí, tó rí i pé ooru wà níbi tí ojú ti rí òkùnkùn. Bí ẹ bá na ọwọ́ sítòsí irin dúdú tó gbóná, tí ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, tí ẹ sì gbọ́ ooru rẹ̀ lára, ìmọ́lẹ̀ yẹn lẹ gbọ́.

Bí ooru bá wá ń pọ̀ sí i, àwọn àwọ̀ tí ojú ń rí á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ fi wé agbo ijó. Pupa ni kò gba agbára púpọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń jáde wá jó. Ìlù tún le sí i, àwọ̀ ìyeyè á jáde. Ìlù tún le, àwọ̀ ewé á dé. Àwọ̀ aró ló gba agbára jù, òun ló ń kẹ́yìn dé. Pupa kò kúrò lágbo o. Ó tiẹ̀ ń jó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè bá ti pé, tí wọ́n dà pọ̀, funfun ni ojú wa ń pè é. Bí ooru bá tún kọjá ibẹ̀, àwọ̀ aró á borí, funfun náà á sì máa fà sí aró.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé kò kan ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan náà. Lọ́dún 1792, Thomas Wedgwood, ọmọ amọ̀kòkò olókìkí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àti irin, àti amọ̀, bíi pé wọ́n jọ dá àdéhùn ni, ìwọ̀n ooru kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi wá ìdí rẹ̀. Max Planck ló rí ìṣirò rẹ̀ ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1900, ìṣirò yẹn sì ni ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a ń lò lónìí. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń fojú wọ̀n lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀.

Ẹ má gbà á lẹ́nu mi lásán. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, irú èyí tó ń lo bátìrì ńlá méjì, tí gílóòbù rẹ̀ ní wáyà tín-ín-rín nínú. Tọ́ọ̀ṣì LED tó wọ́pọ̀ báyìí ò lè ṣe é. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ ki bátìrì tuntun méjì sí i, ẹ tàn án sára ògiri funfun, ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe funfun tó. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi bátìrì tó ti ń kú lọ rọ́pò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ò kàn ní dín kù nìkan o. Àwọ̀ rẹ̀ á yí, á dà bí epo. Bí ẹ bá fi bátìrì tó ti rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ sí i, ẹ wo inú gílóòbù fúnra rẹ̀: wáyà náà á pọ́n bí ẹyin iná.

Bí ẹ bá ní àwo CD nílé, ẹ dojú rẹ̀ tó ń dán kọ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà. Ẹ ó rí òṣùmàrè lára rẹ̀. Nígbà tí bátìrì le, gbogbo àwọ̀ ló pé. Bí bátìrì bá ń rẹ̀, àwọ̀ aró ló máa kọ́kọ́ lọ, àwọ̀ ewé á tẹ̀ lé e, pupa ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé sí agbo ló kẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo gílóòbù oníwáyà nílé rí, ẹ rántí alẹ́ tí iná mànàmáná bá lọ sílẹ̀, tí gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ohun kan náà ni. Wáyà rẹ̀ ò gbóná tó bó ṣe yẹ ni.

Ẹ tún lè wo ojú ọ̀run. Lóṣù Jánúárì, ní nǹkan bí agogo 9 alẹ́, ẹ yan ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ ò pọ̀, kí ẹ kọjú sí ìlà oòrùn. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan. Ní ọwọ́ òsì wọn, ìràwọ̀ ńlá kan wà tó pọ́n díẹ̀, Betelgeuse lorúkọ rẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún wọn, òmíràn wà tó funfun tó fà sí aró, Rigel nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní èyí tó pọ́n ló gbóná jù. Rárá o. Betelgeuse ò ju bíi 3,300°C lọ lójú, nígbà tí Rigel lé ní 11,000°C. Oòrùn wa wà láàárín wọn, bíi 5,500°C. Kò sẹ́ni tó gbé òṣùwọ̀n ooru débẹ̀. Ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ yẹn náà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: wọ́n wo àwọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà fi sílẹ̀ ná. Òfin yìí kan ohun tí ooru rẹ̀ ló mú un tàn. Kò kan gbogbo ìmọ́lẹ̀. Tanátaná ń tàn lóru, ara rẹ̀ sì tutù. Gílóòbù LED ń tàn funfun, ẹ lè fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n kùn ní pupa kò gbóná. Iná gáàsì tó jẹ́ àwọ̀ aró náà, kì í ṣe torí pé ó gbóná bí ìràwọ̀ ló fi rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó ń jó dáadáa ní àwọ̀ tirẹ̀ ni. Àmọ́ àwọ̀ ìyeyè ti àbẹ́là, èédú wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ló gbóná tó ń tàn, èyíinì wà lábẹ́ òfin. Ẹ̀yin ìyá, bí iná gáàsì yín bá yí padà sí àwọ̀ ìyeyè tó ń fi dúdú sí ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ ni kò tó o. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún ẹnu sítóòfù náà ṣe, torí irú iná bẹ́ẹ̀ lè máa tú èéfín olóró tí kò ní òórùn jáde.

Àti pé, nígbà tí ẹ bá ra gílóòbù LED, ẹ ó rí 2700K tàbí 6500K lára páálí rẹ̀. Kì í ṣe ooru gílóòbù nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ti ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré á dà bí epo, èyí tó pọ̀ á funfun tó fà sí aró. Àwọn tó ń ṣe é wá ń pe àwọ̀ epo ní ìmọ́lẹ̀ ọlọ́yàyà, wọ́n ń pe èyí tó fà sí aró ní ìmọ́lẹ̀ tútù. Wọ́n yí i sódì, bíi ti ẹ̀rọ omi òtẹ́ẹ̀lì. Torí náà, ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà, mínírà ti di tìrẹ, ṣùgbọ́n fún ọ̀rẹ́ rẹ ní ìgò méjì níbẹ̀, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣìnà.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá ọmọ l'Ọ́yọ̀ọ́. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ ò ṣìkà, ohun tí ojú gbogbo ayé ń rí ni ẹ̀yin náà rí. Ṣùgbọ́n òótọ́ lọmọ sọ, ẹ sì nà án lé egbò lórí. Ìṣẹ́ tí ẹ rán an náà ló ń jẹ́. Ẹ pè é jókòó. Ẹ gba ilé àgbẹ̀dẹ lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wo irin láti dúdú dé funfun. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé, “Mo ti rí i báyìí, o ò purọ́.” Kò ní sọ yín di ọmọdé. Ọmọ tó bá sọ òótọ́ tó sì jẹgba nítorí rẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn irọ́ ni yóò fi gba ara rẹ̀ là.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọ́ alumíníọ́mù rọ ìkòkò, ọ̀rọ̀ yín rèé. Alumíníọ́mù ń yọ́ ní 660°C, á máa dán bí fàdákà, kò ní pọ́n kí ọmọdé tó mọ̀ pé ikú wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú iná sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní ibì kan pàtó tí ẹ ń gbé e sí, tàbí kí ẹ ta omi sí i lára kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀. Bó bá dún ṣàà, kò tíì tutù. Bàbá alágbẹ̀dẹ tí mo lọ bá sọ fún mi pé, “Irin tó bá wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń kí i látòkèèrè. Bí kò bá dá wa lóhùn, a lè gbé e.”

Bí iná tàbí irin bá sì jó ẹnikẹ́ni, ẹ má fi epo, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Ẹ gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi yìnyín o, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ọwọ́ ọmọdé. Ìyá mi, bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn kò bá tíì jinná, tàbí tí ọmọ ò lè di ìkúùkù dáadáa, ẹ má jókòó ti lẹ́tà mi. Ẹ gbé e lọ bá dókítà lónìí.

Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá dán tọ́ọ̀ṣì yẹn wò, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Bàbá ọmọ l'Ọ́yọ̀ọ́, lẹ́tà tiyín ni mò ń retí jù. Abèèrè kì í ṣìnà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.